Janusz Korczak: Dókítà tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ òrukàn

Nígbà tí Henryk Goldszmit kọ́kọ́ gba iṣẹ́ àmójútó ọmọdé, iṣẹ́ náà kò gún régé lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Àgọ́ ìsinmi kan ni, níbi tí wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ tálákà ìlú Warsaw, ní orílẹ̀-èdè Pólándì, lọ nígbà ooru kí wọ́n lè jẹun yó, kí wọ́n sì ṣeré nínú oko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọgbọ̀n ọmọkùnrin ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti kàwé, ó sì gbàgbọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti fẹ́ràn ọmọdé, gbogbo nǹkan yóò máa lọ geere. Kò há orúkọ wọn sórí, kò sì ronú nípa bí alẹ́ yóò ṣe rí. Ilẹ̀ ṣú, àwọn ọmọ kò sùn, wọ́n ń súfèé, wọ́n ń pariwo nínú òkùnkùn. Ni inú bá bí i, ó ki ọ̀kan nínú wọn mọ́lẹ̀, ó fa á létí, ó sì halẹ̀ mọ́ ọn pé òun yóò tì í síta sọ́dọ̀ ajá tó ń ṣọ́ ilé.

Ọkùnrin yìí kan náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Janusz Korczak. Ẹlòmíràn ìbá fi ìtìjú òru ọjọ́ náà pamọ́, ṣùgbọ́n òun kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé tó kọ nípa bó ṣe yẹ kí á fẹ́ràn ọmọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń ṣe dókítà fún àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó fẹ́ kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé ìfẹ́ nìkan kò tó, pé ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ ìṣègùn.

Inú ìdílé Júù ni wọ́n bí i sí ní Warsaw, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Oṣù Keje ọdún 1878 tàbí 1879 ni. Bàbá rẹ̀ kò tètè forúkọ ọmọ náà sílẹ̀, ìdí nìyí tí ọdún ìbí rẹ̀ kò fi dájú títí di òní. Lọ́yà ni bàbá yìí, nǹkan sì ṣẹnuure fún wọn kí àìsàn ọpọlọ tó dé bá a, tí owó ilé sì bá ìtọ́jú lọ. Nígbà tí bàbá kú ní ọdún 1896, ọmọ tó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ló ń kọ́ ọmọ àwọn olówó níwèé láti fi bọ́ ìyá àti arábìnrin rẹ̀. Ní ọdún 1898 ó wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ọdún yẹn náà ló sì mú orúkọ Janusz Korczak fún ìdíje ìwé kíkọ kan. Ó di dókítà ní ọdún 1905, ó sì ṣiṣẹ́ ní ọsibítù àwọn ọmọdé títí di ọdún 1912.

Orúkọ rẹ̀ ti ń lọ nígbà yẹn, àwọn olówó sì ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún ni pé bí òun bá wo ọmọ tálákà sàn tán, inú ebi àti ilé tó dọ̀tí ni ọmọ náà ń padà sí. Ìyẹn ló mú un gba iṣẹ́ olórí ilé ọmọ òrukàn tuntun tí àwọn Júù kọ́ sí òpópónà Krochmalna, nọ́ńbà 92, ní ọdún 1912. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí wọn kì í sábà dárúkọ tó bó ṣe yẹ ni Stefania Wilczyńska, obìnrin tó ti kàwé ní ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, tó sì gba owó ilé, oúnjẹ, aṣọ àti ìlera àwọn ọmọ náà mọ́ra lójoojúmọ́. Nígbà tí ogun gbé dókítà lọ ní ọdún 1914, obìnrin yìí ló di ilé náà mú títí ó fi dé.

Ní ọdún 1923 ni wọ́n dá ohun tí wọ́n ń pè ní Bursa sílẹ̀ nínú ilé náà. Ó jọ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà nínú ilé náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, kó tó di pé àwọn ọ̀dọ́ láti ìta, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Warsaw, ń wọlé. Ilé ibùsùn àti oúnjẹ kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Wákàtí mélòó kan tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ń san án. Wọn kò fún wọn ní ìwé òfin ńlá kankan láti há sórí. Ìwé kékeré kan ni wọ́n fún kálukú, kó máa kọ ohun tó rí, ohun tó ṣe, àti ohun tó rú u lójú sínú rẹ̀. Stefania yóò ka gbogbo rẹ̀, yóò sì kọ èsì tirẹ̀ sí etí ìwé náà. Àwọn kan nínú wọn ráhùn pé obìnrin náà le jù, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òótọ́ ni. Síbẹ̀ ìwé yẹn ló ń kọ́ wọn láti wo ọmọ dáadáa kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ tí kò gbayì. Ó máa ń palẹ̀ abọ́ mọ́ lórí tábìlì, nítorí níbẹ̀ ló ti ń rí ọmọ tí kò jẹun àti ọmọ tó ń bá ẹnìkejì jà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń wọn àwọn ọmọ náà lórí òṣùwọ̀n. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Maria Grzegorzewska dá sílẹ̀ ní ọdún 1922 fún àwọn olùkọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, Korczak wà lára àwọn tó ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ọjọ́ tó kó wọn wọ yàrá X-ray tó ṣókùnkùn, tó sì mú ọmọdé kan dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà, wọ́n sì ń wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kìkì. Ó ní kí wọ́n rántí ohun tí wọ́n rí yẹn lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá ń yún wọn láti na ọmọ. Bí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ṣe parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé ló ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù lọ. Ọmọ márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò pè lẹ́jọ́ lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n ń yàn ṣe adájọ́. Òfin tí Korczak kọ fún wọn ní ìpín tí nọ́ńbà wọn dé 1000. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìdáríjì lóríṣiríṣi. Olùtọ́jú kò ga ju ilé ẹjọ́ náà lọ. Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Korczak gbé ara rẹ̀ lọ síbẹ̀: ó gbá ọmọ kan létí, ó lé òmíràn jáde ní yàrá ibùsùn, ó fẹ̀sùn olè kan ọmọbìnrin kan. Nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní àwọn ẹjọ́ wọ̀nyẹn ló sọ òun di olùkọ́ tòótọ́. Nílé tiwa, ta ni yóò gbà kí ọmọ ọdún mẹ́wàá pe òun lẹ́jọ́? Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Pólándì gbé àbá àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 1978, èrò ọkùnrin yìí wà lára ohun tó ti í lẹ́yìn. Orí àdéhùn náà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1989, ni Nàìjíríà gbé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kà.

Láti ọdún 1934 ló ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tí wọ́n ń pè é ní Dókítà Àgbà, nítorí wọn kò fẹ́ kí orúkọ Júù hàn. Ìkórìíra àwọn Júù tó ń gbóná sí i ló fòpin sí ètò náà ní ọdún 1936. Stefania ti lọ sí Palẹ́sìnì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kí ogun tó bẹ́ ní ọdún 1939.

Àwọn Jámánì gba Warsaw, wọ́n sì ti àwọn Júù mọ́ inú odi. Ní ọdún 1940 ilé ọmọ òrukàn náà kó kúrò ní Krochmalna. Ní oṣù Kejì ọdún 1942, Korczak tó ti rù, tí ara rẹ̀ kò sì yá, kọ̀wé láti gba iṣẹ́ sí i ní ilé àwọn ọmọdé kan ní òpópónà Dzielna, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kú lójoojúmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ń jí oúnjẹ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó ń bá wọn jà. Ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ ló tún rí níbẹ̀, pé ẹni tí wọ́n fi ọmọ sí lọ́wọ́ lè jẹ́ ìgbàlà rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ikú rẹ̀.

Igor Newerly, tó ti ṣe akọ̀wé rẹ̀ rí, wá ọ̀nà láti mú un jáde, ó sì wá a níbi tí yóò sá pamọ́ sí. Korczak kò gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 1942, wọ́n kó òun, Stefania, àwọn olùtọ́jú yòókù àti bí igba ọmọ gba ìgboro lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n sì gbé wọn lọ sí àgọ́ ìpànìyàn Treblinka. Kò sí ẹni tó padà wá nínú wọn.

Nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Bursa, àwọn kan ṣẹ́kù sáyé. Ida Merżan jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn ogun, ó padà sídìí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ òrukàn ní Pólándì, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Krochmalna sínú ìwé.