Lindley Murray, Onígírámà

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a bí Lindley Murray sí ní 1745. Agbẹjọ́rò ni ní New York kí àìsàn tó gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1784. Lẹ́bàá ìlú York ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn olùkọ́ ọmọbìnrin bẹ̀ ẹ́, ó sì kọ ìwé gírámà ní 1795. Ní 1797 ó tẹ òmíràn, tí ó kún fún gbólóhùn alábùkù tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún ṣe: ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò bá olùwà mu, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánwò WAEC mọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwà rere ni ó fi hun púpọ̀ nínú wọn, ohun tí ìdánwò òde-òní ti sọnù, lójú tèmi. Orí àga ni ó ti ń ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1826.