Abubakar Imam àti Ìròyìn Gàárì Tí Mo Kọ

Olùkọ́ wa ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti tááàmù yìí. Mo mọ̀ pé Ajayi Crowther tàbí Fágúnwà ni ẹ máa retí. Ẹ má bínú, èdè Hausa ni ẹni tí mo mú fi ń kọ̀wé, ìlú tí a wà yìí náà, Zaria, ni ó sì ti ṣiṣẹ́. Abubakar Imam ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gàárì ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo máa sọ ọ́ tó bá yá.

Ọdún 1911 ni wọ́n bí i ní Kagara, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Niger báyìí. Ó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Katsina, nígbà tó jáde ó di tíṣà ní Katsina náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bóyá chọ́ọ̀kì ni ìbá dì mú títí tó fi fẹ̀yìntì. Àmọ́ ní 1933, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń túmọ̀ ìwé ní Zaria, tí Ọ̀gbẹ́ni Rupert East jẹ́ olórí rẹ̀, gbé ìdíje kalẹ̀ pé kí àwọn tó gbọ́ Hausa kọ ìtàn àròsọ. Imam kọ Ruwan Bagaja, ìwé rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bello Kagara, kọ Gandoki, wọ́n mú ìyẹn náà. Ilé kan ṣoṣo, ìwé méjì! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò lè jọ kọ lẹ́tà kan sílé láìjà.

Inú East dùn sí iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó wá sí Zaria wá kọ òmíràn. Ibẹ̀ ni Magana Jari Ce ti wá, ìwé mẹ́ta gbáko. Odíderẹ́ kan ló ń pa ìtàn nínú rẹ̀, tó ń fi ìtàn dá ọmọ ọba dúró kó má baà lọ sójú ogun. Ẹ rántí pé ayékòótọ́ ni a tún ń pe odíderẹ́ nílé wa. Orúkọ yẹn máa wúlò fún wa níwájú.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1939, ìwé ìròyìn Hausa kan jáde ní Zaria. Imam ni wọ́n fi ṣe olóòtú rẹ̀, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Gaskiya Ta Fi Kwabo ni wọ́n pe ìwé ìròyìn náà, ìyẹn ni pé òtítọ́ níye lórí ju kọ́bọ̀ lọ. (Kí àwa Yorùbá tó máa yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: lóòótọ́, Ìwé Ìròhìn ti Abẹ́òkúta ti jáde láti 1859, tiwa fi nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ju tiwọn lọ. Àmọ́ ó ti kú láti 1867. Tiwọn pẹ́ láyé jù ú lọ.) Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn pé, Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn sì fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni kan tó mọ ìwé á jókòó, á máa kà á sókè, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà á pé jọ yí i ká. Ohun tí Imam bá kọ pé ó ṣẹlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn lọ́kàn wọn.

Ó yá, gàárì. Ní tááàmù tó kọjá, èmi ni mo ń kọ ìròyìn họ́sítẹ́ẹ̀lì tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ní Sátidé kan, gàárì sínió kan di àwátì. Mo kọ ọ́ pé ọmọ JSS 1 kan jí i. Mi ò dárúkọ, àmọ́ ọmọ JSS 1 kan ṣoṣo ló wà ní yàrá yẹn. Nígbà tó di Mọ́ńdè, a rí gàárì náà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ sínió yẹn, tó gbé e pamọ́ nítorí èèrà. Ọmọ náà ò bá ẹnikẹ́ni nínú wa jẹun pọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Olùkọ́ wa ò nà mí. Wọ́n gbé ìwé náà síwájú mi, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: jí. Wọ́n ní nínú Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà kó tó di ohun tó ti kọjá. Nínú Hausa, ya tafi ni ó lọ, zai tafi ni ó máa lọ. Àmọ́ nínú Yorùbá tiwa, tí a bá ti kọ jí lásán, láìfi nǹkan kan kún un, ó ti jí nìyẹn. Àsìkò afànámónìí nìyẹn, tí a kọ́ ní kíláàsì tí mo rò pé mo mọ̀. Èmi ti máa ń fi ti há gbogbo ibi, mo rò pé òun ló ń sọ nǹkan di àtijọ́. Mo bèèrè bóyá tí mo bá kọ wọ́n ní ó jí i, ṣé kò ní burú. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ àwọn wo ni wọ́n. Mi ò lè sọ ọ́. Wọ́n wá ní kí n lọ ka ìtàn Imam.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ti 1943. Ogun ṣì ń jà nígbà tí òun àti àwọn oníwèé ìròyìn mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nnamdi Azikiwe wà nínú wọn. Imam tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Lugard, ẹni tó kó ogun wọ ilẹ̀ Hausa nígbà tí wọn ò tíì bí Imam rárá, ó ti darúgbó nígbà yẹn. Nígbà tó padà dé, ó kọ ìrìn àjò náà sínú ìwé, Tafiya Mabudin Ilmi: ó lọ, ó rí i, ó kọ ọ́. Èmi ò lọ, mi ò rí i, mo kọ ọ́.

Ká má purọ́ o, owó ìjọba òyìnbó ni wọ́n fi ń tẹ Gaskiya. Mi ò rò pé gbogbo ohun tí Imam rí ló rí ààyè kọ. Ayékòótọ́ náà kì í ju ibi tí okùn rẹ̀ gùn dé lọ.

Ní 1945 wọ́n dá iléeṣẹ́ Gaskiya Corporation sílẹ̀ ní Zaria níbí, ìwé ìròyìn náà sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Imam wọ ìṣèlú díẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, mi ò ní fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu. Zaria ló gbé fún èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ó kú ní 1981.

Mo tún ìròyìn gàárì kọ. Mo kọ ọjọ́ tí a wá a tì, ọjọ́ tí a rí i, ibi tí a ti rí i, àti pé èmi ni mo kọ irọ́ àkọ́kọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ síbi tí ti tẹ́lẹ̀ wà gan-an. Ọmọ JSS 1 yẹn dúró síwájú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di alẹ́, ó wá yá bọ́kẹ́ẹ̀tì mi.