Oluale Kossola (Cudjo Lewis)

Oluale Kossola (nǹkan bí ọdún 1841 – Oṣù Keje ọdún 1935), tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis, jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gba Ouidah lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama ní ọdún 1860. Ọkọ̀ ojú omi Clotilda ni ó gbé e, ìyẹn ọkọ̀ ìkẹyìn tí a mọ̀ pé ó kó ẹrú láti Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn tí wọ́n tẹ ìlú Africatown dó lẹ́bàá ìlú Mobile. Nítorí pé ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé kí ó tó kú, ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì nípa òwò ẹrú.

Orúkọ rẹ̀

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n gbà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé: Kossola, Kossula àti Kazoola. Oluale ni orúkọ bàbá rẹ̀. Cudjo jẹ́ orúkọ tí àwọn Akan ń sọ ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ajé, ó sì ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn ẹrú Amẹ́ríkà nígbà náà. Èrò àwọn onímọ̀ kan ni pé Lewis wá láti ara Oluale, tí ahọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà yí padà.

Ìgbà èwe

A bí Kossola ní agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ òde òní, láàrin àwọn Ìṣà tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá. Fondlolu ni orúkọ ìyá rẹ̀, òun sì ni ìyàwó kejì tí bàbá rẹ̀ fẹ́. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 14 ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ogun, wọ́n sì ti ń mú un wọ awo Orò kí ogun tó dé.

Ìkónilẹ́rú

Ní ọdún 1860, àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, ya lu ìlú wọn ní ìdájí. Wọ́n pa ọba ìlú náà àti ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn tí ó ṣẹ́kù lẹ́rú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Abomey, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Ouidah, níbi tí wọ́n ti há wọn mọ́ ilé ẹrú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Síbẹ̀, Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile, rán ọ̀gá ọkọ̀ William Foster lọ ra ẹrú. Àádọ́fà (110) ènìyàn ni Foster kó sínú ọkọ̀, Kossola sì wà lára wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí òkun, wọ́n gúnlẹ̀ sí Mobile ní Oṣù Keje. Wọ́n fi àwọn ẹrú náà pamọ́ sínú igbó irà, Foster sì dáná sun ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹ̀rí má baà sí. Wọ́n pe Meaher lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò dé ibì kankan.

Òmìnira àti ìdásílẹ̀ Africatown

James Meaher, arákùnrin Timothy, ni ó gba Kossola, ó sì fi í ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 1865 ni ó gba òmìnira, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń parí lọ.

Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ni láti padà sílé, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ní kí Timothy Meaher fún wọn ní ilẹ̀ dípò iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láìgba owó, ó sì kọ̀. Wọ́n tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ra ilẹ̀. Kossola san 100 dọ́là fún ilẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1872. Gumpa, tí ó jẹ́ ọmọ Dàhòmì, ni wọ́n fi ṣe olórí ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Dàhòmì ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́rú.

Ìdílé àti àjálù

Kossola fẹ́ Abile (Celia), tí ó bá a wọ ọkọ̀ kan náà. Wọ́n bí ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan, wọ́n sì fún àwọn ọmọ náà ní orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Amẹ́ríkà. Gbogbo ọmọ wọ̀nyí ni ó kú ṣáájú bàbá wọn. Ọlọ́pàá kan yìnbọn pa ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin sì pa òmíràn ní ọdún 1905. Abile kú ní ọdún 1908.

Ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin kọlu Kossola fúnra rẹ̀. Ó pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ìgbìmọ̀ adájọ́ sì ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Alabama yí ìdájọ́ náà padà. Nítorí pé kò lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́, ó di olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìtàn tí ó fi sílẹ̀

Emma Langdon Roche kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan ní ọdún 1914. Zora Neale Hurston lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní ọdún 1927 àti 1928, ó sì ya fíìmù rẹ̀. Hurston kọ ọ̀rọ̀ náà bí Kossola ṣe sọ ọ́ gan-an. Ilé ìtẹ̀wé kan ní kí ó tún èdè rẹ̀ ṣe, ó kọ̀, ìwé náà tí ń jẹ́ Barracoon kò sì jáde títí di ọdún 2018.

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn gbà pé Kossola ni ó kú kẹ́yìn nínú àwọn èrò Clotilda. Ìwádìí Hannah Durkin ti fi hàn pé Redoshi wà láàyè títí di ọdún 1937, àti Matilda McCrear títí di ọdún 1940.

Àwọn ibi ìrántí

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lọ sí Auschwitz ní Poland láti kọ́ nípa ìparun àwọn Júù, bẹ́ẹ̀ ni a lè tọ ipasẹ̀ Kossola. Ní Ouidah, ẹnu ọ̀nà ìrántí kan wà ní etí òkun níbi tí àwọn ẹrú ti ń wọ ọkọ̀. Ní Africatown, ère orí rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Union Missionary Baptist, ibojì rẹ̀ sì wà ní itẹ́ òkú Plateau. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìjọba Alabama kéde pé wọ́n ti rí àfọ́kù Clotilda nínú odò Mobile. Ní ọdún 2023, wọ́n ṣí Africatown Heritage House, níbi tí díẹ̀ lára àwọn ohun tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ náà wà fún àwọn àlejò láti wò.