Moustapha Alassane, Mẹkáníìkì Tó Mú Ọ̀pọ̀lọ́ Rìn

Wọ́n bí Moustapha Alassane ní Niger ní 1942. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ kọ́ kí Jean Rouch tó fà á wọ iṣẹ́ fíìmù ní Niamey. Ní Kánádà, Norman McLaren kọ́ ọ bí àwòrán ṣe ń rìn. Ní 1966 ó ṣe Bon Voyage Sim: ààrẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ lọ sí ìrìn àjò, ìgbà tó dé, wọ́n yọ ọ́ nípò. Lọ́dún yẹn kan náà ni ológun yọ Nkrumah nípò ní Ghana nígbà tó wà lẹ́yìn odi.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ fíìmù àyípo. Ìyẹn ni mo fi ń ṣe tèmi ní Okokomaiko: ọ̀pọ̀lọ́ alámọ̀ gun àga, ó já bọ́, ó tún gùn ún. Ìṣẹ́jú àáyá 4, àwòrán 48. Èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Ẹ̀yin ará Ojo àti Iba mọ̀ pé iná lè lọ lórí àwòrán 30. Òjìji á yí padà, iṣẹ́ á bàjẹ́. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ni mo ń lò.

Alassane darí ẹ̀ka sinimá ní Yunifásítì Niamey fún ọdún 15, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ní 2001 ó ṣe Kokoa, níbi tí àwọn ọmọláńgidi ẹranko ti ń jìjàkadì. Ó kú ní 2015.

Bí a bá ní a ó dúró de ilé iṣẹ́ ńlá, a ó gba ìwé-ẹ̀rí tán láìṣe fíìmù kan.