DÓKÍTÀ TÍ Ó NÍ KÍ WỌ́N FỌ ỌWỌ́

Ọdún 1818 ni wọ́n bí Ignaz Semmelweis ní ìlú Buda, ilẹ̀ Hungary. Ní ilé ìwòsàn Vienna, àwọn dókítà a máa tú òkú wò, wọn a sì lọ gbẹ̀bí láìfọ ọwọ́ mọ́. Àwọn ìyá ìkókó ń kú. Ní 1847, ó ní kí wọ́n máa fi omi kílórìnì fọ ọwọ́. Ikú tó ń pa bí 18 nínú 100 wálẹ̀ sí bí 2. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà títí ó fi kú ní 1865.

Ẹ̀yin òbí, àwa ń kọ́ ọmọ yín ní àlùwàlá. Ẹ bá wa fi ọṣẹ kún un kí wọ́n tó jẹun. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.