Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin: Olùkọ́ Tó Mọ Iyì Olùkọ́

Bí a bá ń dárúkọ àwọn tó jà fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ àbá tí ẹgbẹ́ Action Group gbé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kà, tíṣà ni, ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni, ní ìtòsí ilẹ̀ Àkókó wa. Michael Adékúnlé Ajásin ni. Ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́ lọ́la.

Ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 1908 ni wọ́n bí i ní ìlú Ọ̀wọ̀. Láyé ìgbà náà, ọmọ tó bá ní òye ṣùgbọ́n tí kò lówó lọ́wọ́, iṣẹ́ tíṣà ni ọ̀nà tó sábà máa ń ṣí sílẹ̀ fún un. Ajásin lọ sí St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní iṣẹ́ wọn, ó sì jáde níbẹ̀ ní ọdún 1927. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣiṣẹ́ tíṣà kí ó tó rí ọ̀nà àtilọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún 1943 ló wọ Fourah Bay College ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Nígbà tó di ọdún 1946, ó gba oyè B.A. nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn ìgbàlódé àti ètò ọrọ̀-ajé. Kò dúró níbẹ̀. Ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ olùkọ́ni ní ọdún 1947. Ẹni tó ti ń kọ́ni láti ìgbà èwe rẹ̀ tún padà lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni!

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 kan náà ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀. Ohun tó ṣe níbẹ̀ ló fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Kò gbà pé ilé gogoro àti pátákó ìkọ̀wé nìkan ló ń sọ ibi kan di ilé-ẹ̀kọ́. Ó ṣètò kí àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè lọ kàwé sí i ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn. Ó kúrò ní Imade ní òpin ọdún 1962. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963 ó dá Owo High School sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ọ̀gá ibẹ̀ títí di ọdún 1975.

Òṣèlú kò mú un gbàgbé yàrá ìkàwé. Ó wà nínú àwọn tó dá Action Group sílẹ̀ ní ọdún 1951, ọdún náà ló sì kọ àbá ètò ẹ̀kọ́ tí mo mẹ́nu kàn lókè. Láti ọdún 1954 títí di 1966 ló jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, àwọn ọmọ ya bo ilé-ẹ̀kọ́ bí omi. Nǹkan bí 457,000 ni wọ́n ní ọdún tó ṣáájú. Wọ́n lé ní 800,000 ní ọdún náà.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí a bá ń yin ènìyàn, ó yẹ ká máa ríran bákan náà. A lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í ṣe ohun tí à ń mọ bíi bíríkì. Ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ wọn kò kárí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà ni wọ́n kó síwájú ọ̀pọ̀ kíláàsì. Nígbà tó máa di òpin ọdún 1960, ariwo pé ẹ̀kọ́ ti rẹlẹ̀ ti pọ̀ débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Banjo dìde láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àìtó olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ náà rí.

Ọ̀rọ̀ kan náà tún yọjú nígbà tó di gómìnà. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ lọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, tó sì ń náwó lórí kíkọ́ àwọn olùkọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, Ajásin gorí oyè gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Èkìtì ṣì wà nínú ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn. Ó mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1982. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1979 ti gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn, ìjọba àpapọ̀ sì fa ọwọ́ owó rẹ̀ sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí owó epo rọ̀bì náà fi já wálẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ̀yìn oṣù ni owó olùkọ́ ti kọ́kọ́ ń dúró. Orí àwọn olùkọ́ ni wọ́n fi fọ́ àgbọn, wọn kò sì jẹ níbẹ̀.

Ta ni ìyà irú èyí máa ń kọ́kọ́ bà? Ẹ jẹ́ ká wo Ìfira-Àkókó, ní ìhà ìlà-oòrùn Àkókó, níbi tí ilẹ̀ wa ti súnmọ́ Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Bí owó-oṣù bá jẹ́ iye kan náà ní Àkúrẹ́ àti ní ìletò, tí kò sí ilé tàbí àjẹmọ́nú fún ẹni tí wọ́n rán lọ sọ́nà jíjìn, kí ni yóò mú olùkọ́ tó dáńtọ́ dúró lọ́dọ̀ wa? Ìlú ńlá ni yóò wá ọ̀nà lọ. Ọmọ àgbẹ̀ tó kù lẹ́yìn ń jẹ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórúkọ lásán.

Ìjọba àpapọ̀ ti tún padà sí ọ̀rọ̀ náà. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti ọdún 2004 ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí kò bá mú owó tirẹ̀ wá kò lè gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọdún 2006, ètò kan gba àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí NCE síṣẹ́ fún ọdún méjì-méjì láti lọ kọ́ni níbi tí olùkọ́ kò tó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọdún méjì kò tó fún olùkọ́ láti mọ ọmọ, kó mọ òbí rẹ̀, kó sì rí èso iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní òpin ọdún 1983, wọ́n fi Ajásin sí àhámọ́. Ilé-ẹjọ́ àkànṣe dá a láre. Lẹ́yìn ìbò ọdún 1993 tí wọ́n fagi lé, arúgbó yìí tún ṣe aṣáájú NADECO lòdì sí ìjọba ológun. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 1997, ní ẹni ọdún 88. Kò fojú rí yunifásítì tó wà ní Àkùngbá-Àkókó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìlẹ̀kùn tí Ajásin bá wa ṣí tóbi, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Imade ló ti fi ìdajì iṣẹ́ yòókù hàn wá: ó kọ́ olùkọ́ kí olùkọ́ tó kọ́ ọmọ. Ìjọba tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, kí ó kọ́ olùkọ́, kí ó san owó rẹ̀ lásìkò, kí ó sì mú kí dídúró ní Ìfira wù ú bí dídúró ní Àkúrẹ́. Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí náà, bí wọ́n bá rán wa lọ sí ìletò lọ́la, ẹ jẹ́ ká rántí pé tíṣà ni ọkùnrin yìí kó tó di gómìnà.