Orlando Owoh

Stephen Ọládipúpọ̀ Owómoyèlà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Orlando Owoh (14 Oṣù Kejì 1932 – 4 Oṣù Kọkànlá 2008), jẹ́ olórin háíláífù ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Káfíńtà ni kí ó tó sọ orin di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Ìlú Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ìfọ́n ni Jeremiah, bàbá rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni Christiana Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyá rẹ̀. Ìlú méjèèjì wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe jẹun, ó sì fi orin ṣe iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́. Nígbà tí ọmọ náà di géńdé, iṣẹ́ ọwọ́ ni òun náà mú, ó di káfíńtà.

Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá mọ ayùn àti ìfági lò kì í ṣàìrí iṣẹ́ ṣe, nítorí kò sí ilé tí kò nílò ilẹ̀kùn, àga àti òrùlé. Ní ti olórin, àfi bí òde àríyá bá wà, ọ̀pọ̀ òbí ni ó sì ń pe iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ alágbe. Ní ọdún 1958, ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé Kọ́lá Ògúnmọ́lá gba Owoh láti máa lùlù, kí ó sì máa kọrin. Ó fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ rí kí ó tó gbájú mọ́ eré.

Ní ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, Owoh dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn Omimah Band. Lẹ́yìn náà ni ó darí Young Kenneries àti African Kenneries International. Ohùn rẹ̀ tí ó há ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi máa ń dá a mọ̀. Nígbà tí orin jùjú àti fújì gba òde lọ́wọ́ háíláífù, Owoh kò padà sídìí pákó. Láàárín nǹkan bí 40 ọdún, ó gbé àwo orin tí ó lé ní 40 jáde. Ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ Original Music ní Amẹ́ríkà kó díẹ̀ nínú àwọn orin rẹ̀ jọ sínú àwo Dr. Ganja's Polytonality Blues.

Agége ní ìlú Èkó ni ó kú sí, ní ẹni ọdún 76. Orin tí bàbá rẹ̀ fi ṣe àbọ̀ṣẹ́ ni ọmọ fi jẹun títí di ọjọ́ ogbó.